Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: báwo ló ṣe jìnnà tó, wákàtí mélòó sì ni lóòótọ́?

Ẹ ní kí èèyàn mẹ́ta yẹ fóònù wọn wò kí wọ́n sọ bí Èkó ṣe jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó. Ẹnì kan á ní 5,000, èkejì á ní 3,100, ẹnì kẹta á ní irọ́ lẹ̀ ń pa, 2,700 ni, bí ìjà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò gan-an ò tiẹ̀ ráyè tiwọn, tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ẹ̀ ló ń dà á lórí rú. Bàálù máa gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, á balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 4:30 ìdájí, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ nìyẹn lójú tiẹ̀, ó wá wo ti ìpadàbọ̀, 11 àárọ̀ sí 6:30 ìrọ̀lẹ́, wákàtí méje ààbọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa ń wọ́ bọ̀ ni?"

Rárá o, wọn kì í wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta la máa ń pò pọ̀ bí ọ̀rọ̀ bàálù bá délẹ̀: báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, báwo la ṣe máa pẹ́ tó lókè, aago mélòó ló máa jẹ́ níbẹ̀ nígbà tí a bá dé. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í yí padà. Èkejì máa ń yí lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bàálù rárá, ọ̀rọ̀ ìjọba àti aago ni. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ta ló ń parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Kò sẹ́ni tó parọ́. Ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni ò jọra. Ẹni tó ní 5,000 fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ní 3,100 fi máìlì wọ̀n ọ́n, irú èyí tí wọ́n ń lò lójú títì ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú ọba, kìlómítà 1.609 ló wà nínú ọ̀kan. Ẹni tó ní 2,700, máìlì òkun ló fi wọ̀n ọ́n, òun ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi àtàwọn páílọ́ọ̀tì ń lò, kìlómítà 1.852 ló wà nínú tiẹ̀, ìyẹn ni pé ó gùn ju máìlì ojú títì lọ, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ẹ̀ fi kéré. Nítorí náà kí ẹ tó bá èèyàn jà, ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn ná. Km ni kìlómítà, mi ni máìlì lásán, nm ni ti òkun. Kìlómítà la máa lò títí dé ìsàlẹ̀ níbí.

Láti ibo dé ibo ni wọ́n ń wọ̀n?

Láti pápákọ̀ òfurufú kan sí èkejì ni, kì í ṣe láti ilé yín. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀, àmọ́ "Lọ́ńdọ̀nù" nìkan ò tó, torí pápákọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Heathrow ni LHR, Gatwick ni LGW, Gatwick yìí sì ni Air Peace ń fò lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2024. Ti Ìkẹjà tiwa ni LOS, ti Àbújá ni ABV, ti Ìbàdàn ni IBA. Lẹ́tà mẹ́ta yìí ni kẹ́ ẹ máa fi wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣì yín lọ́nà bí orúkọ ìlú ṣe lè ṣe.

Pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tó wà láyé. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó pín ayé sí méjì láàárín, bóyá ó wà lókè ẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀. Èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù. Dìgírì ni wọ́n fi ń kà á. Ti Ìkẹjà jẹ́ 6.6 sókè, 3.3 sí ìlà-oòrùn. Ti Heathrow jẹ́ 51.5 sókè, 0.5 sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ rí i pé nọ́ńbà kejì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ìyẹn ni pé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òkè Èkó tààrà, èèyàn kàn ń lọ sí àríwá ni. Ayé yípo ní bíi 40,000 kìlómítà, ẹ pín in sí dìgírì 360, dìgírì kan á fún yín ní 111 kìlómítà. Ẹ yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9, ẹ fi 111 ṣe ìlọ́po ẹ̀, ẹ ti ní bíi 4,980. Kọ̀ǹpútà á ní 5,000. Fún ìṣirò tí èèyàn ṣe lẹ́yìn páálí ìndómì, ó gbìyànjú.

Àmọ́ ibi tó bá wà tààrà lókè tàbí nísàlẹ̀ ara wọn nìkan ni ọgbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́ o. Èkó sí New York ò lè gba bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní fi da yín láàmú, ẹ lọ sí Great Circle Mapper lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tẹ LOS-JFK síbẹ̀ (JFK ni pápákọ̀ New York), ó máa gbé e jáde fún yín kíá, bíi 8,440 kìlómítà ni, tó bá jẹ́ mi ló gbé jáde, ẹ yí i sí km.

Kí ló dé tí ọ̀nà yẹn fi tẹ̀ lórí máàpù?

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ máa rí i pé ìlà tí wọ́n fà láti Èkó dé New York tẹ̀ sókè bí ọrun, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ní kí ló dé tí wọn ò kàn gbà á tààrà. Tààrà náà nìyẹn. Máàpù ló ń tan yín. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ fi pẹ́ẹ̀nì tọ́ ọ síbi méjì, ẹ wá na okùn látorí ọ̀kan dé ìkejì kó le dáadáa, okùn yẹn fúnra ẹ̀ ló máa wá ibi tó kúrú jù gbà. Tí ẹ bá wá bó èèpo ọsàn yẹn, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ya, ẹ máa ní láti fa ibòmíì gùn kó tó lè bára mu, ibi tí okùn gbà náà á sì wọ́. Ohun tí àwọn tó ń ya máàpù ṣe fún ayé nìyẹn. Òun ló fà á tí Greenland fi máa ń fẹ̀ tó Áfíríkà lórí máàpù ara ògiri ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 14.

Ìlà tó kúrú jù yẹn ni wọ́n ń pè ní great circle, òun náà ni gbogbo nọ́ńbà tí mo ń kà níbí. Ohun tó máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni ibi tó ń gbà. Ẹni tó bá ń ti Ìkẹjà lọ sí New York á rò pé bàálù á kàn kó sórí òkun látẹ̀yìn Bar Beach ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà yẹn kọrí sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, ó gba orí orílẹ̀-èdè Benin, Togo, òkè Gánà, Burkina Faso, Mali àti Mauritania kó tó já sórí òkun, ìyẹn ni pé èèyàn á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lórí ilẹ̀ àti aṣálẹ̀ ná. Ti Lọ́ńdọ̀nù náà, Benin, apá ìwọ̀-oòrùn Niger, Mali, Algeria, òkun Mẹditaréníà, Spain, Faransé, ó dé.

Báwo la ṣe ń mọ wákàtí tó máa gbà?

Bàálù ńlá tó ń lọ òkè òkun máa ń sá bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan tó bá ti wà lókè pátápátá, níbi tó fi bíi kìlómítà 10 tàbí 11 jìnnà sílẹ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kàn fi 900 pín ọ̀nà. Bàálù kì í ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 900. Ó máa rìn bí ìgbín lórí táàmákì, ó máa dúró de ẹni tó ṣáájú ẹ̀, ó máa gùn ún lọ sókè fún bíi ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá sì kù bíi 200 kìlómítà ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà èyí tí mo máa ń lò nìyí: ẹ fi 850 pín kìlómítà, ẹ wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e. Lọ́ńdọ̀nù, 5,000 kìlómítà, á fún yín ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 53, ẹ fi 30 lé e, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 23. Tíkẹ́ẹ̀tì á ní bíi mẹ́fà ààbọ̀. Ó bára mu. Àbújá, 510 kìlómítà gba ojú òfurufú (ti ojú títì lé ní 700, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba Lọ́kọ́jà kọjá mọ̀ ọ́n), ìṣẹ́jú 36, ẹ fi 30 lé e, wákàtí kan lé ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ wò ó, Lọ́ńdọ̀nù jìnnà tó Àbújá lọ́nà mẹ́wàá, síbẹ̀ wákàtí ẹ̀ ò tó ti Àbújá lọ́nà mẹ́wàá, kò tiẹ̀ pé ìlọ́po mẹ́fà, torí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ló jẹ gbogbo àkókò ti Àbújá mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tó pín omi àti gàlà tán ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ de bẹ́líìtì yín.

Nǹkan míì tún nìyí. Wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí, ó parí nígbà tó bá gúnlẹ̀ síbi tó ń lọ. Ti páílọ́ọ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ nínú makirofóònù, àkókò tí wọ́n máa fi wà lókè nìkan ló ń kà. Ìdí nìyẹn tó fi lè ní wákàtí mẹ́fà géérégé nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì yín ní mẹ́fà ààbọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn iléeṣẹ́ náà sì máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé Heathrow kún. Ibi mẹ́rin ló wà káàkiri Lọ́ńdọ̀nù tí bàálù tó ń lọ Heathrow ti máa ń yí po lókè títí wọ́n á fi pè é: Bovingdon, Lambourne, Ockham àti Biggin Hill. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n iwájú yín pé bàálù kékeré yẹn ń yí òbìrí, kò sọnù o. Ó wà lórí ìlà, ó ń dúró kó kàn án.

Kí ló dé tí lílọ Amẹ́ríkà fi ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ?

Èyí gan-an ló ní irọ́ nínú jù. Wọ́n á ní torí ayé ń yí ni. Pé bí bàálù ṣe wà lókè, ilẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Apá ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí, àbí? Á jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wà lókè Èkó, Amẹ́ríkà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn lá máa sáré bọ̀ wá pàdé yín, lílọ Amẹ́ríkà ni ì bá yá, bíbọ̀ ni ì bá pẹ́. Ohun tí ojú wa ń rí, òdìkejì ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wó fúnra ẹ̀. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ náà ń bá ayé yí, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo wọn jọ ń lọ ni.

Afẹ́fẹ́ ló ń fa ìyàtọ̀. Ní òkè lọ́hùn-ún níbi tí bàálù ń gbà, pàápàá ní agbègbè òkun Àtìláńtíìkì tó wà lápá àríwá, afẹ́fẹ́ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, ó sì máa ń le lásìkò òtútù wọn. Bí bàálù bá ń sá 900 nínú afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lójú ní 100, 800 péré ló máa rìn lórí ilẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ kan náà bá wà lẹ́yìn ẹ̀, ó di 1,000. Páílọ́ọ̀tì ò tẹ nǹkan kan o, ẹ́ńjìnnì kan náà ni.

Ẹ fi Èkó sí Atlanta wò ó. Bíi 9,400 kìlómítà ni, ìṣirò wa á ní wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀. Ní lílọ, ó máa ń tó méjìlá ààbọ̀ sí mẹ́tàlá. Ní bíbọ̀, bíi mọ́kànlá. Ìṣirò wa wà láàárín méjèèjì, nítorí náà tí ẹ bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ẹ fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ẹ yọ díẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀, àríwá sí gúúsù ni, afẹ́fẹ́ yẹn máa ń fẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí lílọ àti bíbọ̀ ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgba.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ yìí ṣe lágbára tó, ní oṣù Kejì 2020 nígbà tí ìjì Ciara ń jà, bàálù British Airways kan, 747, fi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56 kúrò ní New York dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà yẹn máa ń tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà kan wà lójú ọ̀nà tó sá ju 1,300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan lórí ilẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ọ̀nà ńkọ́?

Ìlà tó kúrú jù wà lórí ìwé. Àmọ́ orílẹ̀-èdè ló ni òfurufú orí ẹ̀, ó sì lè tì í. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní Niger, wọ́n ti òfurufú wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 2023, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ rántí pé Niger wà lójú ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó rìnrìn-àjò lásìkò yẹn yí po, àkókò wọn gùn, epo pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ Èkó ò sún kúrò níbi tó wà. Ti àwọn Finland tún burú: látìgbà tí Rọ́ṣíà ti ti òfurufú mọ́ àwọn ará Yúróòpù ní 2022, Helsinki sí Tokyo tó jẹ́ bíi wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ di bíi mẹ́tàlá.

Aago orí tíkẹ́ẹ̀tì

Ibí ni ọ̀rọ̀ aago 11 alẹ́ sí 4:30 yẹn wà. Gbogbo aago tó bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ibẹ̀ ni. Ti ìgbéra, aago ìlú tẹ́ ẹ ti gbéra. Ti ìbalẹ̀, aago ìlú tẹ́ ẹ balẹ̀ sí. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láìkọ́kọ́ sọ wọ́n di ti ìlú kan náà.

Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich, ìyẹn aago Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, látoṣù Kìíní dé Ìkejìlá, a kì í yí aago. Ìlú ọba máa ń yí tiwọn. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá dé Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, aago wa dọ́gba. Nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá yẹn: 4:30 ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 5:30 l'Ékòó, 11 alẹ́ sí 5:30 jẹ́ wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ti ìpadàbọ̀: 6:30 ìrọ̀lẹ́ l'Ékòó jẹ́ 5:30 ní Lọ́ńdọ̀nù, 11 àárọ̀ sí 5:30, mẹ́fà ààbọ̀ náà ni. Kò sẹ́ni tó wọ́ bọ̀.

New York, a fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú wọn nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ooru. Tiwọn máa ń yí ní Sunday kejì oṣù Kẹta àti Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, kò bá ti ìlú ọba mu, ìyẹn ló máa ń fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ da gbogbo èèyàn láàmú lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá sì rí +1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń wí, ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín kó má lọ dúró lálẹ́ àná.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Èkó sí Lomé. Bíi 230 kìlómítà ni, ìṣẹ́jú 46 nínú ìṣirò wa, Togo sì ń lo aago Greenwich. Ẹ gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ balẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú 14. Ẹ ti dé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Tí bàálù ò bá lọ tààrà

Èkó sí Salvador ní Bahia, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù ní Brazil, bíi 5,085 kìlómítà ni. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Bahia àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí wa bákan náà, tí bàálù kan bá gbà á tààrà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Àmọ́ ká ní èèyàn ní láti gba Lisbon, Èkó sí Lisbon jẹ́ bíi 3,790, Lisbon sí Salvador bíi 6,500, ó di 10,290, ìlọ́po méjì ọ̀nà, ká má tíì wá ka wákàtí tẹ́ ẹ máa fi jókòó ní Lisbon. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò ìrìn-àjò tó ní ìyípadà bàálù, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣírò lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ti ìdúró lé e.

Owó tó wà nínú kìlómítà

Ẹni tó bá ní kí lòun fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe, ó yẹ kó mọ̀ pé òfin ìlú ọba fi kìlómítà yìí kan náà pín owó gbà-máà-bínú. Bí bàálù yín bá gbéra láti ìlú ọba, iléeṣẹ́ tó wù kó jẹ́, tàbí tó ń lọ síbẹ̀ tó sì jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìlú ọba tàbí Yúróòpù, tó wá pẹ́ dé nítorí ẹ̀bi iléeṣẹ́ yẹn, wọ́n máa wo bí ọ̀nà ṣe jìn. Ọ̀nà tó bá ju 3,500 kìlómítà lọ ló ní owó jù: £520 fún ẹnì kan tí ẹ bá pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ, £260 tó bá wà láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin. Èkó wà nínú ẹ̀. Great circle láti ibi tẹ́ ẹ ti gbéra dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ gangan ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í ka ìyípo tó gba Lisbon tàbí Paris. Tó bá jẹ́ ìjì tàbí wọ́n ti òfurufú ni, wọn ò ní san án.

Ìgbà tí táyà bá kan ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n sì ń kà sí ìgbà tẹ́ ẹ dé, ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn bàálù ni. Bàálù lè balẹ̀ nígbà tí ẹ ti fi wákàtí mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ pẹ́, kó wá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó ráyè gúnlẹ̀, £260 ti di £520 nìyẹn. Nítorí náà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn, ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó dìde gbé báàgì.